Ìyákẹ́ kì í ṣe ọ̀kan nínú méjì: òtítọ́ nípa adágún orí Òkè Adó

Bí ẹ bá dárúkọ Adó-Àwáyè fún ẹni tó ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí, gbólóhùn kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu onítọ̀hún: adágún méjì péré ló wà lórí òkè àpáta ní gbogbo àgbáyé, ọ̀kan wà ní Colorado nílẹ̀ Amẹ́ríkà, èkejì sì ni Ìyákẹ́ tiwa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn oníròyìn ń kọ ọ́, àwọn tó ń kó èèyàn lọ gbafẹ́ ń sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dà á kọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá. A kì í sábà rí ẹni tó máa dúró béèrè pé ta ló ka gbogbo adágún ayé tó fi ku méjì.

Mo fẹ́ràn òkè náà. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ọ̀rọ̀ méjì-péré yẹn kì í ṣe òótọ́. Àpáta tó gba omi dúró sórí pọ̀ láyé, nílẹ̀ Áfíríkà àti lókè òkun. Adágún Colorado tí wọ́n sì ń fi wé Ìyákẹ́ kò bá a tan rárá. Ohun tó dùn mí jù ni pé bí a ṣe di ọ̀rọ̀ yìí mú gírígírí, bẹ́ẹ̀ ni ohun ìyanu tó wà lórí Òkè Adó gan-an ń fò wá ru.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Adó-Àwáyè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní agbègbè Òkè-Ògùn. Òkìkí rẹ̀ kò tó ti Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kò sì tó ti Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ni wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà fún àwọn tó ń gùn ún. Bí èèyàn bá gòkè tán, àpáta á tẹ́ rẹrẹ níbì kan, á dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbòmíràn, igi àti koríko á sì wà níbi tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti rí ààyè jókòó. Ìṣàgẹ̀ wà níbẹ̀, òkúta ràbàtà tó dá dúró lórí àpáta, tí ìtàn ìlú so mọ́ òjò. Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà wà níbẹ̀, àwọn kòtò tó ní ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ń gòkè lọ gbàdúrà, ìlú sì ń ṣe ọdún òkè wọn níparí oṣù kọkànlá.

Ìyákẹ́ alára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni omi tó wà lórí òkè náà. Omi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ihò kéékèèké tí omi òjò máa ń dúró sí. Iye méjì tí wọ́n pè é ti pé lórí Òkè Adó fúnra rẹ̀, a ò tíì kúrò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Australia, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, orí àwọn àpáta gíráníìtì kún fún ihò omi tí wọ́n ń pè ní gnamma. Omi wọ̀nyí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ gbára lé láti ayébáyé. Wọ́n máa ń fi òkúta pẹlẹbẹ tàbí ẹ̀ka igi bo ẹnu ihò náà kí ẹranko má bàa kó sínú rẹ̀, kí oòrùn má sì fà á gbẹ. Ní Texas, àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Enchanted Rock tí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà káàkiri orí rẹ̀. Edé kéékèèké kan ń gbé inú wọn, ẹyin rẹ̀ á sì fara pamọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ títí òjò á fi dé. Ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ihò orí gíráníìtì wà tí ẹrẹ̀ ti dí láti ìgbà láéláé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ náà, egungun àwọn ẹranko ńláńlá tó ti pa run kúrò láyé ni wọ́n bá níbẹ̀. Zimbabwe ní tirẹ̀, Botswana náà ní tirẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní ihò lásán ni ìwọ̀nyẹn, pé adágún gidi ni Ìyákẹ́. Ó dára. Bó bá jẹ́ omi ńlá lórí òkè gíga là ń wá, adágún wà lórí Òkè Kenya níbi tó ga ju 4,000 mítà lọ. Ó wà lórí Òkè Rwenzori láàárín Uganda àti Kóńgò. Ó wà ní Kamẹrúùnù tó bá wa pààlà, níbi tí Adágún Oku ti kún inú kòtò òkè tó bú gbàmù látijọ́. Títíkákà, láàárín Peru àti Bolivia, wà ní nǹkan bí 3,812 mítà sókè ìtẹ́jú òkun, ọkọ̀ ojú omi sì ń ná an. Bí a bá fẹ́ omi kékeré lórí àpáta, wọ́n pọ̀. Bí a bá fẹ́ omi ńlá lórí òkè, wọ́n tún pọ̀. Kò sí bí a ṣe lè ṣe òṣùwọ̀n náà tí iye rẹ̀ á fi jẹ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ Colorado wá kù. Hanging Lake ni wọ́n ń pe adágún ọ̀hún, ó wà lára àfonífojì Glenwood Canyon. Odò kékeré kan tó ń jẹ́ Dead Horse Creek ń já wọ inú rẹ̀ látòkè. Omi yẹn ti gba inú irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì kọjá, ó sì ti yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ dání. Nígbà tó bá bọ́ sí gbangba, ohun tó yọ́ yẹn á tún pa dà di òkúta, á lẹ̀ mọ́ etí adágún, á lẹ̀ mọ́ igi tó wó síbẹ̀ àti ewéko tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni etí adágún ń ga sí i, títí ó fi di odi tó sé omi mọ́. Travertine ni wọ́n ń pe òkúta tó ń hù lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ti Ìyákẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Colorado, omi ló ń mọ odi. Ní Adó, omi ló ń gbẹ́ àpáta. Ọ̀kan ń gba ara nínú ohun tí omi kó wá, èkejì wà nítorí ohun tí omi kó lọ. Kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ju pé èèyàn ní láti gòkè kó tó rí wọn. Hanging Lake pàápàá kò dá wà: àwọn adágún Plitvice ní Croatia, tí wọ́n jẹ́ 16, odi travertine ló ya wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Band-e Amir ní Afghanistan, èyí tí wọ́n sọ di ọgbà ìpamọ́ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà ní 2009.

Báwo wá ni omi ṣe ń gbẹ́ gíráníìtì, òkúta tí òòlù ń ta dà nù lára rẹ̀? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé. Òkè Adó wà lára ilẹ̀ òkúta àtayébáyé tó wà lábẹ́ apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú gíráníìtì ilẹ̀ yìí ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti kọ́kọ́ jẹ́ òkúta yíyọ́, tó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dì. Ẹ mú èérún rẹ̀ kan, ẹ gbé e súnmọ́ ojú. Oríṣi wóró mẹ́ta ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Èyí tó mọ́ gaara, tó ń dán, ni quartz. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n rúsúrúsú ni feldspar. Èyí tó dúdú, tó pẹlẹbẹ, tó ń kọ mànà bí oòrùn bá bà á, ni mica. Wọ́n fún mọ́ra wọn débi pé omi kì í rí ọ̀nà gbà láàárín wọn, òun ló jẹ́ kí àpáta lè gba omi dúró.

Ṣùgbọ́n bí omi bá rí kòtò díẹ̀ lójú àpáta, tó dúró síbẹ̀ lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Feldspar á máa rọ̀, á di amọ̀. Mica á wú, á sì ṣí. Quartz kì í rọ̀, àmọ́ nígbà tí àwọn tó yí i ká bá ti jẹrà, á tú sílẹ̀, á di yanrìn. Òjò mìíràn á kún, á ṣàn kọjá etí, á gbá amọ̀ náà lọ. Lákòókò ọyẹ́, atẹ́gùn á gbé èyí tó gbẹ. Ihò tó fẹ̀ sí i á gba omi púpọ̀ sí i, omi tó pọ̀ sí i á sì pẹ́ kó tó gbẹ, á rí àyè jẹ àpáta sí i. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn wóróworo kan wà tí ẹ máa kó jáde. Ara àpáta náà ni, èyí tí omi kò tíì rí gbé lọ. Kò sí ẹni tó gbé adágún sórí òkè, kò sì sí ohun tó fi so ó rọ̀. Àpáta fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbà á dúró.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ihò orí àpáta ti jẹ́ àdììtú fún. Ní 1754, àlùfáà kan ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Borlase, kọ ọ́ pé àwọn abọrẹ̀ ayé àtijọ́ ló fi ọwọ́ gbẹ́ àwọn ihò orí gíráníìtì ibẹ̀ fún ìwẹ̀nùmọ́. Omi òjò àti ọjọ́ pípẹ́ ló gbẹ́ wọn. Ìtàn tí àwọn àgbà Adó ń sọ nípa Ìyákẹ́ àti Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà ní ipò tirẹ̀, kì í ṣe òun ni mò ń bá wí. Ìtàn ìlú kò fìgbà kankan sọ pé òun ti ka adágún ayé. Ọ̀rọ̀ méjì-péré yìí ló gbé ẹ̀wù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ̀, ó sì yẹ ká fi sáyẹ́ǹsì yẹ̀ ẹ́ wò.

Òkè náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òkúta ń dàgbà, pé ńṣe ni òkè bẹ́ẹ̀ ń yọrí sókè láti inú ilẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká ló lọ sílẹ̀. J. D. Falconer, tó ṣiṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ní àríwá Nàìjíríà, ti ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí láti 1911. Omi máa ń wọlẹ̀ gba ojú ibi tí òkúta ti sán. Níbi tí ojú sísán bá pọ̀, òkúta á jẹrà nísàlẹ̀ ilẹ̀, á di iyẹ̀pẹ̀. Níbi tí kò bá sí, òkúta á wà digbí. Lẹ́yìn náà ni òjò àti odò á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà lọ fún àìmọye ọdún, èyí tó le á sì ṣẹ́kù síta. Irú òkúta bí Ìṣàgẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ àárín gbùngbùn òkúta ńlá kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹrà kúrò. Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Adó, tó ń wo oko àti ọ̀dàn tó tẹ́ lọ títí dé ibi tí àwọn òkè mìíràn ti yọrí lókèèrè, ibi tí ilẹ̀ ti fìgbà kan ga dé ló wà.

Wọ́n tún máa ń ní Ìyákẹ́ kò nísàlẹ̀. Ihò inú àpáta tó ṣù pọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ kò ní dúró. Ẹrẹ̀ àti ohun tútù tó ń hù nínú omi ló ń bo ìsàlẹ̀ náà mọ́ wa lójú. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ wo ibi tí omi náà ti ń wá. Òjò tó rọ̀ sórí àpáta kì í wọlẹ̀. Gbogbo òkè náà dà bí òrùlé, omi rẹ̀ á ṣàn lọ síbi tó bá rẹlẹ̀. Òjò mílímítà kan lórí mítà kan níbùú àti lóòró jẹ́ lítà omi kan. Bí ojú àpáta tó fẹ̀ tó 1,000 mítà oníbùú-lóòró bá ń darí omi sínú ihò kan, òjò 30 mílímítà, tí kì í ṣe ohun tójú ò rí rí ní Òkè-Ògùn, á rọ 30,000 lítà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òjò ọdún kan lágbègbè Ìsẹ́yìn sì máa ń lé ní 1,000 mílímítà. Èyí tó bá ṣàn kọjá náà kò ṣòfò: ẹsẹ̀ òkè ló ń rọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí igi fi máa ń ṣú níbi tí àpáta ti pàdé ilẹ̀ ju bó ṣe rí nínú ọ̀dàn lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí, torí òun ni mo rò pé ó yẹ kó gbé òkìkí òkè yìí jáde. Àwọ̀ dúdú tí ẹ ń rí lára àpáta, tó ń ṣàn wálẹ̀ ní ìlà ìlà, kì í ṣe àwọ̀ òkúta. Ẹ wo ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, ẹ máa rí i pé inú rẹ̀ mọ́ ju ìta lọ. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, cyanobacteria, ló bo àpáta lára. Wọ́n ń gbé níbi tí oòrùn ti ń yan òkúta gbígbẹ, wọ́n á dákú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á jí nígbà òjò.

Koríko kan náà wà tó ń hù ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ lórí àwọn àpáta ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Afrotrilepis pilosa lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ, á pàdánù àwọ̀ tútù rẹ̀ pátá, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á ní ó ti kú. Lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀, ewé gbígbẹ yẹn kan náà ló máa pa dà di tútù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe ewé tuntun ló rú. Ní 1961 ni D. J. Hambler gbé ọ̀rọ̀ koríko yìí síta fún àwọn onímọ̀ ayé. Iye ewéko olódòdó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kéré gan-an. Ẹ ronú wò: lórí àpáta ilé wa, àwa kàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ síbi adágún.

Nínú ihò omi orí àpáta ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí omi ti ń tètè gbẹ, kòkòrò kan wà tó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹni, Polypedilum vanderplanki. Nígbà tí omi bá gbẹ, ìdin rẹ̀ náà á gbẹ títí omi ara rẹ̀ á fi ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalose ló ń rọ́pò omi náà lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò fi fọ́. Kò mí, kò mira, kò jẹun. H. E. Hinton ti Yunifásítì Bristol ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ayé ní 1960, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé ìdin tó ti gbẹ fún ọdún 17 tún jí nígbà tí wọ́n bu omi sí i. Bí ó bá jẹ́ pé adágún méjì péré ló wà lórí àpáta láyé, irú ẹ̀dá yìí kò ní sí. Kòkòrò kan kì í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ihò orí òkúta àfi kí ihò orí òkúta pọ̀ yí i ká láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjì-péré yìí ti ń ṣe wá ní ìjàǹbá nìyí. Èèyàn á wakọ̀ wá láti Èkó, á gun àtẹ̀gùn tó lé ní 300, á ya fọ́tò omi kan, á sọ̀ kalẹ̀. Bí omi náà kò bá fẹ̀ tó bó ṣe lérò, á bínú lọ. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wá wò ló ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó sì tún ń fi wá sílẹ̀ fún ẹ̀sín: lọ́jọ́ tí àlejò tó mọ̀ nípa ilẹ̀ bá dé, tí a sọ fún un pé méjì péré ló wà, kò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ lẹ́nu wa.

Bí a bá fẹ́ kọ́ nǹkan lára àwọn ará Colorado, ìtọ́jú ni ká kọ́. Láti 2019, ìwé àṣẹ ni èèyàn ń gbà kó tó gun òkè lọ síbi Hanging Lake, wọ́n sì fi òté lé e pé àwọn tó ń lọ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 615 lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi náà, torí òróró ara èèyàn pàápàá ń ṣe odi rẹ̀ ní jàǹbá. Ní tiwa, ọṣẹ kò yẹ kó dé inú ihò omi kankan lórí òkè, ì báà kéré tó àwo ìmumi, nítorí omi tí kò ń ṣàn ni. Kí a má fi ìṣó tàbí ọ̀dà kọ orúkọ sára àpáta. Kí a má dáná lórí rẹ̀, torí iná ń mú kí gíráníìtì bó, á sì jó koríko tí ẹ̀ẹ̀rùn kò rí pa.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ọdún, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí koríko orí àpáta ń pa dà di tútù. Kó gòkè láàárọ̀, kí àpáta tó gbóná. Bí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kó dúró kí ojú àpáta gbẹ, kó sì yẹra fún àwọn ìlà dúdú wọ̀nyẹn, nítorí pé tí wọ́n bá ti mu omi, wọ́n máa ń yọ̀ gan-an.